Ìbéèrè àti Èsì: Igbó Nìkan ni Fọ́tò Mi Mú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo gbé kámẹ́rà mi lọ sí ilẹ̀ ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, láàárín Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ní ọ̀sán gangan. Igbó àti òkè nìkan ló wà nínú gbogbo fọ́tò tí mo yà. Ẹni tí kò gbọ́ ìtàn kò lè mọ̀ pé wọ́n jagun níbẹ̀ rí. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n gbé ṣakabùlà bàbá-bàbá òun sórí àpáta kí fọ́tò náà lè ní ìtumọ̀. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?
Ayàwòrán, Òṣogbo.

ÈSÌ: Ọ̀sán gangan tí ẹ lọ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bá yín wí. Ibùdó tí àwọn jagunjagun fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé, tí wọ́n kọ́lé alámọ̀ sí, tí wọ́n sì dáko yí ká, kì í fi ògiri gíga sílẹ̀ lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjò á ti fọ amọ̀ náà palẹ̀, ohun tó sábà máa ń kù kò ju ebè gbọọrọ tàbí kòtò tí koríko ti bò lọ. Bí oòrùn bá wà ní àtàrí, pẹrẹsẹ ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń rí lójú kámẹ́rà. Ẹ padà lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn tí àwọn àgbẹ̀ bá ti sun igbó, kí ẹ sì ti wà ní ìdúró kí oòrùn tó yọ. Bó bá ṣe ń yọ, òjìji á kún inú kòtò, etí rẹ̀ kejì á máa tàn, ebè tí kò ga tó orúnkún á sì yọ kedere. Ẹ má kọjú sí oòrùn, ẹ má sì kẹ̀yìn sí i. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé.

Ní ti ṣakabùlà, mo bẹ̀ yín, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Lọ́dún 1855, Roger Fenton, ayàwòrán ará Ìlú Ọba, ya àfonífojì kan ní ojú ogun Crimea, tí Ìlú Ọba àti àwọn alájọṣe rẹ̀ bá Rọ́ṣíà jà, lẹ́ẹ̀mejì: nínú ọ̀kan, ọta àgbá wà káàkiri ojú ọ̀nà, nínú èkejì, ojú ọ̀nà mọ́ fínní-fínní. Títí di òní ni wọ́n ń jiyàn bóyá ọwọ́ ni wọ́n fi kó ọta náà síbẹ̀, iyàn ọ̀hún sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ipò fọ́tò náà. Ìbọn ṣakabùlà yẹn á tún sọ ìtàn ní ààbọ̀, nítorí àwọn ìbọn ìgbàlódé tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó fi ránṣẹ́ sílé wà lára ohun tó yí ogun náà padà mọ́ Ìbàdàn lọ́wọ́.

Ohun tí ẹ fẹ́ kí ìbọn sọ, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò: ẹ̀gbẹ́ ibùdó tí ẹ dúró sí, ọjọ́ tí ẹ yà á, àti pé 1877 ni ogun náà bẹ̀rẹ̀, pé wọ́n ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí gbogbo rẹ̀ tó parí. Kí ẹ tó gbé kámẹ́rà jáde, ẹ yà sí ààfin kí wọ́n yan ẹni tí yóò mú yín káàkiri, kí ẹ má baà lọ fi ẹsẹ̀ kámẹ́rà gúnlẹ̀ sórí ibojì ẹlẹ́ni.