Ẹ Bi Ìyá Oníwèé: "O Ti Bá Mi Kà Á"

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin òǹkàwé. Ẹ rántí pé lóṣù méjì sẹ́yìn, mo ní kí ẹni tó bá ka ìwé Yorùbá kan tán kọ ìlà márùn-ún sí mẹ́wàá ránṣẹ́, kí àwọn tó kù lè mọ̀ bóyá kí àwọn náà wá a lọ. Mo rò pé ìwé lẹ máa bá mi sọ. Ẹjọ́ lẹ kó dé. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dá a.

Télọ̀ kan, Òṣogbo: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Oníwèé. Àwa mẹ́fà la máa ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó bá ka ìwé tán á kọ nǹkan ṣókí nípa rẹ̀, á sì kà á sí wa létí. Tèmi kì í ṣókí. Nígbà tí mo ka Àjà Ló Lẹrù tán, ojú ìwé mẹ́rin ni mo kọ, n ò fo nǹkan kan. Bí mo ṣe ń pa ìwé dé ni ọ̀kan nínú wọn ní, "O ṣeun, o ti bá mi kà á." Ṣé ó yìn mí ni àbí ó bú mi? Mo fi ojú ìwé mẹ́rin náà ránṣẹ́ kí ẹ bá mi wò ó.

Ó bú yín, Ọ̀gá Télọ̀, ṣùgbọ́n ó rọra bú yín. Bí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ aláṣọ ní Ọjà Ọba, ṣé gbogbo ìgàn ló máa tú sílẹ̀ fún yín? Etí aṣọ ló máa nà sí yín. Ẹ ó fọwọ́ pa á, ẹ ó gbé e síta kí oòrùn tàn sí i, ẹ ó sì ti mọ̀ bóyá ẹ máa rà á.

Ìwé tí ẹ mú yẹn wá burú jù fún irú àṣìṣe yìí. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ sílẹ̀ fún wa ní 1969. Ohun tó ń sún ẹni láti ojú ìwé kan dé èkejì ni pé a ò mọ ohun tí Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́ yẹn, máa bá lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ wá ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Kí ni ẹni tó kàn fẹ́ wọlé lọ wò?

Mo ka ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ta ló lù ta ni, ta ló sá, ta ni wọ́n mú: gbogbo rẹ̀ pé síbẹ̀ bí ìwé ẹjọ́ àgọ́ ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ní ìdajì ojú ìwé kẹta, ẹ sọ nǹkan kan bí ẹni tí kò kà á sí. Ẹ ní ẹ jó apá bùbá oníbàárà, torí pé ìwé wà lọ́wọ́ òsì yín, áyọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ ò sì fẹ́ gbé èyí tó wà lọ́wọ́ òsì sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín dé ibi pé ọmọ-ọmọ mi sá wá wò mí. Ọ̀gá, ohun tí ẹ ń wá láti kọ nìyẹn! Ẹ gbé e síwájú. Ẹ jẹ́ kó rí báyìí:

"Ìwé yìí ná mi ní apá bùbá kan. Mo ní kí n ka ojú ìwé kan péré kí áyọ́ọ̀nù tó gbóná. Ó gbóná, ó jó aṣọ, n ò mọ̀. Lápàdé ló fà á, ọlọ́pàá àtijọ́ tí kì í fi ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ràn ìjà inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni mo tún padà lọ kà. Kí ẹ má kà á nídìí iná."

Ó parí. Àwọn márùn-ún tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí í ja ìwé náà gbà mọ́ yín lọ́wọ́.

Kí ẹ má rò pé mò ń fi yín ṣẹ̀sín, èmi náà ti dá ẹ̀ṣẹ̀ yìí rí, tèmi sì le ju tiyín lọ. Ní 1976, nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ẹ̀dà Ó Le Kú kan ṣoṣo ló wà ní yàrá wa. Ọmọbìnrin mẹ́jọ ló tò sí i, orúkọ wa wà lára ògiri bí ẹni tó fẹ́ gba kàǹga. Èmi ni mo kọ́kọ́ kà á. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nídìí ẹ̀rọ omi, ẹnu mi yún mi, mo sọ bó ṣe parí. Ẹni tó kàn lẹ́yìn mi kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ó padà sí yàrá, ó mú ìwé náà, ó sì sọ ọ́ lù mí. Etí ìwé náà ká kò, èmi ni mo fi àtè lẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé òpin ìwé kì í ṣe tèmi láti fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ.

Olùkọ́ kan, Àkúrẹ́: Mà, mo ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà ìsinmi. Àwọn ìwin rẹ̀ ṣì ń dẹ́rù bà mí bíi ti kékeré. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọdẹ inú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje tó ń kọ́ wọn lọ́gbọ́n lójoojúmọ́, ó rẹ̀ mí, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú èyí tí mo há fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Àgbà kan láàárín wa ní olùkọ́ Yorùbá kan kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí Fágúnwà. Ṣé mo ṣàfojúdi ni?

Ó rẹ èmi náà níbẹ̀. Ẹ bá mi kí àgbà náà, ẹ sọ fún un pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyàtọ̀ wà láàárín "ó rẹ̀ mí" àti "kò dára". Ara yín lẹ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú ti àkọ́kọ́, ta ló fẹ́ bá yín jiyàn lórí ara yín? Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń retí. Ìrìn àjò Òkè Lángbòdó lẹ bá àwọn ọdẹ yẹn rìn, ẹsẹ̀ yín ti gbóná, ẹ̀rù ti ń bà yín, ni wọ́n bá ní kí ẹ jókòó gba ẹ̀kọ́. Ẹ kọ ọ́ báyẹn. Ẹni tó fẹ́ràn ìmọ̀ràn á mọ̀ pé tòun ń bọ̀, ẹni tó fẹ́ràn ìwin á mọ ibi tí òun ti máa sáré kọjá.

Kí n tún bá yín sọ èyí. Láti ọmọdé ni mo ti máa ń dìde lọ bu omi mu tí mo bá dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje. Nígbà tí a sin ọkọ mi tán, tí ilé dá, tí àwọn ọmọ padà sí ibi iṣẹ́ wọn, ìwé yẹn ni mo nawọ́ mú. Ìwin kankan ò dẹ́rù bà mí ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ibi ìmọ̀ràn yẹn ni mo jókòó sí. Mo fẹ́ kí ẹnìkan ṣá máa bá mi sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Ìwé kan náà ni, ti 1938. Èmi ni mo yí padà. Nítorí náà, tí ẹ bá ń kọ tiyín, ẹ jẹ́ ká mọ ìgbà tí ẹ kà á àti ohun tó ń ṣe yín lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo kórìíra ni èyí: "Ìwé náà dùn gan-an, ó kún fún ẹ̀kọ́, mo rọ̀ yín kí ẹ wá a kà." Láti ìgbà tí mo ti ń gba lẹ́tà yín, mo ti rí gbólóhùn yìí débi pé mo lè kọ ọ́ lójú oorun. Ẹ lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ìṣirò, ẹ lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àdúrà, yóò bá gbogbo wọn mu. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Ọmọ Peckham, London: Ẹ kú ilé mà. Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí. Màmá màmá mi fún mi ní ìwé Ó Le Kú nígbà tí mo pé ọmọ ogún ọdún, oṣù mẹ́rin ni mo fi kà á. Mo kọ nǹkan díẹ̀ nípa rẹ̀ sí àwọn mọ̀lẹ́bí wa, mo kọ orúkọ rẹ̀ ní "Ó Lè Kú". Àwọn ọmọ àǹtí mi rẹ́rìn-ín títí, wọn ò sì sọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ṣé kí n kúkú máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́?

Ọmọ mi, àmì kékeré kan ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín. "Ó lè kú" ni pé ikú lè pa ẹnìkan. "Ó le kú" ni pé ọ̀ràn náà le, ó le kọjá ààlà, bí a ṣe máa ń ní oòrùn òní le kú. Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó kọ ọ́ ní 1974 mọ ohun tó ń ṣe. Ìwọ tí o sì ti kà á dé òpin mọ̀ pé àṣìṣe rẹ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà... ṣùgbọ́n n ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ti sọ ìwé lù mí rí.

Má fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ nítorí ẹ̀rín. Kọ èyí tí o gbọ́ ní Yorùbá, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti tán lọ́wọ́ rẹ, fi Gẹ̀ẹ́sì dí i, kí o máa lọ. Má ṣe fún ẹlòmíì kó bá ọ tún un kọ; ohùn rẹ̀ ni a ó gbọ́ nígbà náà. Má sì fi oṣù mẹ́rin yẹn pamọ́. Ibo lo ti dúró pẹ́ jù? Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, ló ń wá ìyàwó láàárín Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé: ta lo ṣe tirẹ̀? Ṣé ọmọkùnrin yẹn bí ọ nínú? Ó bí èmi nínú ní 1976, ó tún bí mi nínú lọ́dún tó kọjá. Bi Màmá àgbà bóyá ó wọ olékú nígbà èwe rẹ̀, ìró tí kò kọjá orúnkún àti bùbá rẹ̀. Sinimá tí Túndé Kèlání ṣe láti inú ìwé náà ní 1997 ló tún gbé aṣọ yẹn padà sóde. Ohun tí Màmá bá sọ, fi kún tìrẹ.

Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn ńkọ́, mélòó nínú wọn ló ti ka ìwé náà?

Àgbà òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta: Ìwọ obìnrin yìí, o kàn ń ṣàtúnṣe tiwa. Níbo ni tìrẹ wà?

Ẹ kú àgbà, Bàbá. Ẹ gbá mi mú. Ẹ gba méjì.

Ìtàn Ìgbésí-Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá, láti ọwọ́ I. B. Thomas. Mo kà á nínú ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Èkó, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì dá wa dúró ní Ìbàfò fún wákàtí méjì tí n ò bínú sí. Obìnrin tó ti jẹ ayé tán ló ń kọ̀wé láti orí ibùsùn àìsàn. Ó ń sunkún, ó ń kọ orin ìsìn, ó sì tún ń fi àwọn ọkùnrin tó kó sí i lọ́wọ́ yangàn. N ò gbà pé ó ronú pìwà dà dé inú, ìdí sì nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Àti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti sọ fún wa pé ayé òun ti bàjẹ́, nítorí náà kò sí òpin tí ẹnikẹ́ni lè jí gbé.

Kí n fi díẹ̀ lé e, Bàbá, torí mo mọ̀ pé ẹ máa gbádùn rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ìtàn yìí jáde bíi lẹ́tà nínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn Thomas fúnra rẹ̀, láti 1929, kó tó di ìwé. Àwọn òǹkàwé ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà lórí ọ̀rọ̀ Sẹ̀gilọlá. Àwọn kan káàánú rẹ̀ bí aládùúgbò wọn, wọ́n gbà pé ẹ̀dá alààyè ni. Àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn ni mo máa ń rántí tí tiyín bá dé.

Èkejì ni Ogún Ọmọdé, ti Ìṣọ̀lá. Ìtàn ìgbà èwe ni. Mò ń kà á sókè fún ọmọ-ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo dákẹ́, ó bi mí pé, "Màmá, àwọn ọ̀rẹ́ tiyín dà?" N kò rí èsì fún un títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Awakọ̀ kan, Ìbàdàn: Ẹ̀dà Àgbàlagbà Akàn, ìwé Lápàdé mìíràn tí Òkédìjí kọ, tí mo rà ní tòkunbọ̀ ti já lẹ́yìn. Ibi tó gbóná jù ni mo dé, ni ojú ìwé bá tán. Ṣé mo lè kọ nǹkan nípa ìwé tí n ò kà tán?

Ẹ lè kọ ọ́, bí ẹ bá ti sọ fún wa pé ó já. Ìwọ̀nba tí ẹ kà ti tó láti sọ bó ṣe ṣe yín, ẹ ò sì lè ba òpin rẹ̀ jẹ́ fún ẹnikẹ́ni, àyàfi kí ẹ purọ́.

Mo ti gbé tèmi wálẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó pé. Mo máa ya fọ́tò àwọn ojú ìwé tó já náà, mo máa fi wọ́n ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kọ tiyín sí mi, kí ẹ sì sọ bí ẹ ṣe rò pé Lápàdé máa jàjàbọ́. Bí ẹ ò bá kọ ọ́, n ò fi nǹkan kan ránṣẹ́.