Ṣé Ayédèrú Ni Lọ́fínńdà Tí Òórùn Ọsàn Rẹ̀ Kì Í Pẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi lọ́fínńdà kan tí wọ́n ń pè ní Terre d'Hermès ránṣẹ́ sí mi. Tí mo bá fín in láàárọ̀, òórùn ọsàn tútù ló máa ń gba gbogbo yàrá. Kí n tó dé ibi iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, ọsàn ti lọ, ó wá ku òórùn igi àti erùpẹ̀. Ìyàwó mi ní ayédèrú ni. Ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé mo sì lè fín in lọ sóde ìnáwó? (Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí wọ́n ṣe pò ó gan-an nìyẹn. Jean-Claude Ellena, ọmọ ìlú Grasse ní ilẹ̀ Faransé, ló ṣe é fún ilé Hermès lọ́dún 2006. Ọsàn àti grapefruit ló kọ́kọ́ ń dé imú, ata tẹ̀lé wọn, lẹ́yìn náà ni igi kédárì àti vetiver, gbòǹgbò koríko kan tó ní òórùn ilẹ̀ tútù.

Epo tí wọ́n ń fún lára èèpo ọsàn fúyẹ́ púpọ̀. Limonene, èròjà kan tó ní òórùn ọsàn, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kíá ló sì ń fẹ́ lọ tí ara bá ti gbóná. Epo igi àti ti gbòǹgbò wúwo, wọn kì í kánjú kúrò lára. Lọ́fínńdà tí ọsàn rẹ̀ bá ń pariwo láti àárọ̀ di alẹ́ ló máa ń kọ mí lóminú. Ní tèmi, ìgbà tí ọsàn bá ń lọ, tí igi ń dé, ni mo fẹ́ràn jù: ó dà bí ìsọ̀ káfíńtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá pákó, tí ẹnìkan sì jókòó síbẹ̀ tó ń bó ọsàn. Ọkùnrin tó bá wọ òórùn yìí lọ síbi iṣẹ́ wọ ohun tó bá a mu.

Tí ẹ bá wẹ̀ tán, ẹ fi basilíìnì tí kò lóòórùn pa ọrùn àti àyà kí ẹ tó fín in, nítorí awọ gbígbẹ kì í di òórùn mú, àgàgà lásìkò ọyẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ti tó fún ọ́fíìsì tó ní éà-kọ̀ndíṣọ̀n. Imú ẹni tètè ń mọ́ òórùn ara ẹni, pàápàá òórùn igi. Ẹ lè rò pé ó ti tán, kí ẹni tó jókòó tì yín ṣì máa gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ ní kí ìyàwó yín gbóòórùn ọrùn yín nírọ̀lẹ́. Tí kò bá gbọ́ nǹkankan rárá, kò sí igi, kò sí erùpẹ̀, a jẹ́ pé èmi náà á bá wọn fura.

Ìnáwó ọ̀sán? Ẹ wọ̀ ọ́ lọ. Tó bá jẹ́ alẹ́, tí èéfín àsun gba gbogbo abẹ́ kánọ́pì, irú Terre d'Hermès tó jáde lọ́dún 2009, tí wọ́n kọ Parfum sí lára, ni mo máa yàn, igi rẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara ni kí ẹ fín in sí kí ẹ tó wọ bùbá, ẹ má fín in sórí léèsì funfun, ó lè fi àbàwọ́n sílẹ̀. Ẹ má sì gbé ìgò náà sínú mọ́tò: ooru ibẹ̀ á ba ọsàn rẹ̀ jẹ́ kí ó tó kan igi.