Yàrá tí kò ní fèrèsé nínú ọkọ̀ ojú omi: kí ẹ tó náwó lé e

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ẹ ti sanwó yàrá inú lọ́hùn-ún tí kò ní fèrèsé, láti Southampton lọ sí erékùṣù Canary, àti pé màmá yín tí orúnkún ń dùn ló ń bá yín lọ. Ẹ tún ní àwọn kan ti to ẹrù jọ fún yín lórí Amazon, pé àìmọye nǹkan lẹ gbọ́dọ̀ rà kí yàrá náà tó ṣe é gbé. Ẹ fọwọ́ mú owó yín ná. Irú yàrá yẹn lèmi náà máa ń gbà torí owó rẹ̀ kò gun ni lára. Mo ti sùn nínú èyí tó tù mí lára, mo sì ti wà nínú èyí tí mi ò fojú kan oorun. Ẹrù tí mo gbé wọlé kọ́ ló fa ìyàtọ̀. Ibi tí yàrá wà ni, lẹ́yìn náà ariwo, lẹ́yìn náà ìmọ́lẹ̀.

Ibi tó wà ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó, torí tí ọkọ̀ bá ti ṣí tó sì kún, kò sóhun tẹ́nikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Ẹ mú nọ́ńbà yàrá yín, kí ẹ wá àwòrán àjà ọkọ̀ náà (deck plan), èyí tó ń fi ohun tó wà ní àjà kọ̀ọ̀kan hàn, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má wo àjà tiyín nìkan o, ẹ wo èyí tó wà lókè orí yín àti èyí tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Bó bá jẹ́ yàrá èrò ló wà lókè, tó tún wà nísàlẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ ibi ìlúwẹ̀ẹ́ tàbí ilé oúnjẹ ńlá ló wà lókè, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n á ti máa wọ́ àga gìrìgìrì lórí yín. Iwájú ọkọ̀ pátápátá kò dáa: ibẹ̀ ni ìdákọ̀ró wà, ibẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tó ń ti ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ èbúté wà, ògiri á sì máa gbọ̀n ní ìdájí. Ẹ tún wò ó bóyá ilẹ̀kùn kan já láti yàrá yín sí ti ẹlòmíì. Tó bá já, títí dórí ìjà tọkọtaya lẹ máa gbọ́.

Ọ̀nà yín gba omi Biscay kọjá, lẹ́bàá ilẹ̀ Faransé àti Sípéènì, omi yẹn kì í sì í ṣeré nígbà òtútù. Ọkọ̀ ńláńlá ní apá irin tó ń nà jáde lábẹ́ omi, òun ló ń dín fífì sọ́tùn-ún sósì kù. Ṣùgbọ́n tí iwájú bá ń gòkè tó tún ń já wálẹ̀, apá irin yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ rí i ṣe. Ìdí nìyí tí àárín ọkọ̀, lápá ìsàlẹ̀, fi dára jù fún ẹni tí òòyì máa ń kọ́. Bí tiyín bá wà níwájú tàbí lókè téńté, ẹ pe ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ báyìí kí ẹ béèrè fún ìpààrọ̀. Ẹ wá èyí tó súnmọ́ lífítì nítorí màmá, kó má kàn ṣe kojú lífítì gan-an, ariwo àwọn tó ń ti ibi ijó bọ̀ lóru kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn. Oògùn òòyì bíi Stugeron wà ní ilé oògùn, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi àwọn oògùn tí màmá ń lò han apòògùn. Kí omi tó ru sì ni wọ́n ń lò ó, kì í ṣe ìgbà tí èébì ti dé ọ̀fun.

Ní ti ariwo inú yàrá fúnra rẹ̀, kò ní ná yín ní kọ́bọ̀ láti pa á. Lóru tí omi bá ru, háńgà inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa gbá ara wọn. Ẹ kó gbogbo èyí tí kò láṣọ sílẹ̀, ẹ fi táwẹ̀lì dì wọ́n. Àjà orí àti ògiri náà á máa dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ẹ máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá tẹ̀ tí ariwo dákẹ́, ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ká páálí pẹlẹbẹ tì bọ inú àlàfo rẹ̀. Màmá á ní kí lẹ ń wá lára ògiri ní aago méjì òru, ẹ má dá wọn lóhùn.

Òkùnkùn yàrá yẹn yàtọ̀ sí òkùnkùn ilé o. Tẹ́ ẹ bá paná, ẹ ò ní rí ọwọ́ ara yín. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ sì máa ń ní ìgbásókè kan nísàlẹ̀, ohun tó lè gbé àgbàlagbà ṣubú ni. Ẹ ra iná kékeré oníbátìrì tó ń tàn fúnra rẹ̀ téèyàn bá kọjá, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn yẹn. Ìyẹn nìkan ni mo lè ní kẹ́ ẹ rà dandan. Lórí tẹlifíṣàn, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní ìkànnì kan tó ń fi ohun tó wà níwájú ọkọ̀ hàn. Ẹ fi sí i lóru, kẹ́ ẹ pa ohùn rẹ̀: tójú bá ń mọ́ lórí òkun, á máa mọ́ nínú yàrá yín náà.

Ẹ̀sténṣàn tó ní ohun tó ń dènà iná tó bá ṣàdédé lágbára jù (surge protector), ẹ má gbé e débẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi, wáyà méjèèjì ló ń gbé iná, kò dà bí ilé tó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, irú ẹ̀sténṣàn bẹ́ẹ̀ sì lè gbóná kó gbiná. Àwọn ọkọ̀ kan ò tiẹ̀ gba ẹ̀sténṣàn kankan. Ṣájà USB oníhò púpọ̀ ti tó. Áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù tí wọ́n fi ń se omi àti àbẹ́là, gbígbà ni wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà.

Irin ni ògiri yàrá nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nítorí náà ìkọ́ olóòfà á gbé fìlà, báàgì àti ọ̀pá màmá dúró. Àpótí yín, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ mú ìró ańkárá kan dání, torí ẹ̀rọ amúlétutù lè ṣe bó ṣe wù ú. Tẹ́ ẹ bá ti dé, ẹ kí ẹni tó ń tọ́jú yàrá yín dáadáa, kẹ́ ẹ ní kó ya bẹ́ẹ̀dì sí méjì, kó mú pílò kan sí i fún abẹ́ orúnkún màmá, kó sì wá fóòmù fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n sábà máa ń ṣe gbogbo ẹ̀. Àga tí màmá á fi jókòó wẹ̀ ni kò yẹ kó dúró dìgbà yẹn. Wọn kì í ní púpọ̀ nínú ọkọ̀, ẹ tètè pe ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ nípa ìyẹn kí ọjọ́ ìrìn àjò tó pé.