Gáàsì tàbí òróró: èwo ni kí wọ́n fi sí ojú Màmá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Rẹ́tínà ojú ọ̀tún màmá mi, ìyẹn awọ fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn inú ẹyinjú tí a fi ń ríran, ti bó kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́, wọ́n sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Dókítà wọn ní òun máa yọ jẹ́lì inú ẹyinjú náà, òun á sì fi gáàsì tàbí òróró sílíkónì dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí òun bá wọ inú ojú lòun á tó mọ èyí tó yẹ. Èwo ló dáa jù? Ṣé ibẹ̀ náà ni yóò wà títí ayé?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Gáàsì kì í wà níbẹ̀ títí, ara ló máa gbà á díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán. Òróró kì í tán ní tiẹ̀, àfi kí wọ́n padà lọ fà á jáde, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín oṣù 3 sí 6. Àwọn ojú kan wà tó ti bàjẹ́ jìnnà, a máa ń fi òróró sílẹ̀ nínú irú wọn, torí bí a bá yọ ọ́, rẹ́tínà á tún bó.

Jẹ́lì tí wọ́n fẹ́ yọ yẹn kò ju nǹkan bíi mìlílítà 4 lọ, omi ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Bó bá ti kúrò, kì í hù mọ́, ṣùgbọ́n omi tí ojú fúnra rẹ̀ ń ṣe máa kún àyè rẹ̀, èèyàn sì lè fi ríran dáadáa. Kí wá ni gáàsì àti òróró wà fún? Bó bá jẹ́ omi nìkan la fi sílẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, ibi tí rẹ́tínà ti ya ni yóò gbà wọlé, á sì tún gbé e kúrò. Gáàsì àti òróró kì í pò mọ́ omi. Wọ́n á dí ojú ibi tó ya títí àpá tí a fi lésà dá yí i ká yóò fi le, bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ tẹ bébà tí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì gbẹ.

Gáàsì tí à ń lò jù ni SF6, tó máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ 2, àti C3F8, tó lè tó oṣù 2. Afẹ́fẹ́ lásán kì í ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. SF6 tí a kò là máa wú di ìlọ́po 2 nínú ojú, C3F8 á di ìlọ́po 4, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi afẹ́fẹ́ là wọ́n kí a tó fi kún ojú. Òkè ni gáàsì máa ń lọ, nítorí náà ibi tí rẹ́tínà ti ya ló máa sọ bí Màmá ṣe máa gbé orí. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ojú, wọ́n lè ní kí Màmá dojú bolẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kò sì rọrùn rárá fún ẹni tí ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dùn.

Ìríran á ṣú gan-an níbẹ̀rẹ̀. Tó bá yá, wọ́n á rí ìlà kan tó ń mì, òkè rẹ̀ mọ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn, ìlà náà á sì máa lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má fòyà, gáàsì ló ń tán.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí: Màmá ò gbọdọ̀ wọ bàálù, wọn ò sì gbọdọ̀ gun òkè gíga, nígbà tí gáàsì bá ṣì wà lójú. Bí afẹ́fẹ́ àyíká bá ti fẹ́lẹ́, gáàsì á fẹ̀, á fún ojú mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè má ráyè dé rẹ́tínà mọ́, ojú náà á sì fọ́. Bákan náà ni gáàsì akunilóorun tí wọ́n ń pè ní nitrous oxide. Ẹ má jẹ́ kí Màmá bọ́ okùn ọwọ́ tí wọ́n kọ ìkìlọ̀ yìí sí, kódà bí eyín ni wọ́n fẹ́ lọ yọ.

Òróró ò ní wàhálà bàálù. Ọdún 1962 ni dókítà ojú kan, Paul Cibis, ti kọ̀wé nípa lílò ó, ó sì wúlò fún rẹ́tínà tí àpá ti fà pọ̀, fún ọmọdé tí kò lè dojú bolẹ̀, tàbí ẹni tí ojú yẹn nìkan kù fún. Èèyàn lè ríran gba inú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà gíláàsì máa yí padà. Ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ jù, ó lè fọ́ sí wẹ́wẹ́, kí ìfúnpá ojú ga, kí lẹ́ǹsì ojú sì ṣú. Gáàsì náà lè mú lẹ́ǹsì ṣú o.

Tó bá jẹ́ èmi ni, bí ibi tó ya bá kéré, tó wà lókè, tí kò sì tíì pẹ́, gáàsì ni màá fi síbẹ̀. Dókítà yín ò sì purọ́: àpá tó wà lórí rẹ́tínà kì í hàn tán títí wọ́n fi máa yọ jẹ́lì. Ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ sọ fún wọn bóyá Màmá lè dojú bolẹ̀, bóyá ìrìn àjò wà níwájú, àti bí ojú kejì ṣe ń ríran sí. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bí ojú bá ń dùn wọ́n gidi tí èébì sì ń gbé wọn, ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò, ẹ gbé wọn padà lójú ẹsẹ̀.