Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi wáyà rọ́pò díóòdù pánò yín

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ọjọ́ tí àrá sán ní Kétu níbí ni pánò sólà 300 wáàtì mi ò ti gba bátìrì yó mọ́ (bátìrì méjì ni mo so pọ̀, 24 fóòtì). Ẹni tó wá wò ó ní díóòdù kan (ẹ̀yà kékeré tó ń jẹ́ kí kuran gba ọ̀nà kan ṣoṣo kọjá) nínú mẹ́ta tó wà lẹ́yìn pánò ti kú, òun á fi wáyà rọ́pò ẹ̀, òun á sì gé méjì tó kù dànù torí àwọn ló ń jẹ kuran. Ṣé kí n jẹ́ kó ṣe é, àbí bátìrì á máa tú padà sínú pánò lóru?

Ìdáhùn: Àbúrò, má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Ti bátìrì tó ń tú padà lóru yẹn, iṣẹ́ rẹgilétọ̀ (ẹ̀rọ tó wà láàárín pánò àti bátìrì, tó ń ṣàkóso bí bátìrì ṣe ń gba iná) nìyẹn, kò kan díóòdù ẹ̀yìn pánò.

Ọ̀rọ̀ "díóòdù ń jẹ kuran" yìí ló ń bí mi nínú, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí. Ẹ gbọ́ o. Irú pánò tìrẹ yẹn, sẹ́ẹ̀lì 60 ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, ọ̀wọ́ mẹ́ta, ogún-ogún, díóòdù kan ń ṣọ́ ọ̀wọ́ kan. Tí oòrùn bá mú gbogbo ẹ̀ dọ́gba, kuran ò gba inú díóòdù kankan kọjá, kí ló wá fẹ́ jẹ? Ìgbà tí ewé máńgòrò bá ṣíji bo sẹ́ẹ̀lì kan ni iṣẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀: sẹ́ẹ̀lì yẹn á dínà mọ́ kuran tó ń bọ̀, díóòdù á wá ṣí àbùjá sílẹ̀, bí àwọn zẹ́mù (ọlọ́kadà) ṣe ń gba inú oko nígbà tí igi bá wó dí ọ̀nà Ìlara. Gé àbùjá yẹn kúrò, kuran á máa fipá gba inú sẹ́ẹ̀lì tí òjìji bò, sẹ́ẹ̀lì á máa gbóná ṣáá. Mo tú irú ẹ̀ kan sọ̀kalẹ̀ lórí òrùlé ìyá kan tó ń ta omi tútù. Iwájú ẹ̀ mọ́ tónítóní, àmọ́ nígbà tí mo dojú ẹ̀ délẹ̀, ike funfun ẹ̀yìn ẹ̀ ti wú bí ara tí omi gbígbóná dà sí, àárín ibẹ̀ ti dúdú, ó ń rùn. Orí páànù ló wà o, igi ló sì gbé páànù dúró.

Wáyà ńkọ́? Díóòdù tí àrá pa sábà máa ń di bíi wáyà fúnra ẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára pánò sọnù, o wá fẹ́ sanwó kí wọ́n fi wáyà rọ́pò wáyà! Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé ẹni tó ń lo bátìrì 12 fóòtì pẹ̀lú rẹgilétọ̀ olówó pọ́ọ́kú ò ní mọ̀ pé nǹkan kan dín, torí fóòtì tó ṣẹ́ kù ṣì tó o. Tìrẹ 24 ni, kò lè tó.

Kọ́kọ́ fi mítà wọ̀n ọ́n. Tú pánò kúrò lára rẹgilétọ̀ láàárọ̀ kùtù, wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án gangan. Tó bá ń lọ sí 37 fóòtì, kò sí díóòdù tó di wáyà, lọ wo fíúsì àti orí wáyà. Tó bá jẹ́ bíi 25, ọ̀kan ti lọ. Bíi 12, méjì. Tó bá jẹ́ pánò mélòó kan lo so tẹ̀ léra, má dán an wò, fóòtì ẹ̀ lè pa èèyàn, kò sì sí bọ́tìnnì tó ń pa pánò, ìmọ́lẹ̀ ni tiẹ̀. Mi ò rí tìrẹ sójú o, tó bá sì ṣì ní gàràǹtí, ṣíṣí àpótí ẹ̀yìn ẹ̀ lè bà á jẹ́.

Tó bá jẹ́ díóòdù lóòótọ́, fi aṣọ tó nípọn bo pánò, kí oníṣẹ́ tó mọ lẹ́ẹ̀dì jó pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí irú díóòdù tí wọ́n ń pè ní Schottky, 15 áńpíà, bíi 15SQ045, kí ìlà ara ẹ̀ kọjú síbi tí ti àtijọ́ kọjú sí. Má gba 1N4007 tí wọ́n ń tú lára rédíò, áńpíà kan péré ló lè gbé, pánò ẹ ń tì tó mẹ́sàn-án. Tí wọ́n bá da gọ́ọ̀mù kún àpótí náà, àpótí lódindi ni kó o pààrọ̀. Kó o tó so ó padà, yẹ rẹgilétọ̀ náà wò, àrá tó pa díóòdù lè ti kàn án.