Ayálégbé mi ní ikọ́ ẹ̀gbẹ: ṣé kí n lé e jáde?

Ìyá wa ní Mushin,

Mo kí yín, mo sì bá yín kẹ́dùn ọkọ yín tó fi ilé oníyàrá mẹ́wàá náà sílẹ̀ fún yín, tí ó jẹ́ pé owó rẹ̀ ni ẹ fi ń jẹun láti ìgbà tí ẹ ti fẹ̀yìn tì. Ẹ kọ̀wé pé wẹ́dà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, pé ó ti ń lo oògùn ìjọba láti oṣù méjì, pé owó ilé rẹ̀ ti parí láti oṣù mẹ́rin, àti pé ayálégbé mẹ́ta ti ní àwọn yóò kó jáde bí kò bá kúrò kí oṣù yìí tó parí. Ọmọ yín ní kí ẹ ti àgádágodo mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹ má ṣe lé e, ìyá mi, àánú nìkan kọ́ ni mo sì fi sọ bẹ́ẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í ti inú abọ́, ife tàbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ran ènìyàn. Afẹ́fẹ́ ni ó ń bá rìn, pàápàá níbi tí atẹ́gùn kò ti ráyè wọlé. Bí aláìsàn bá ti lo oògùn tó ràn án déédéé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ wọn kì í kó o ran ẹlòmíràn mọ́. Oṣù mẹ́fà ni ìtọ́jú náà sábà máa ń gbà, ọ̀fẹ́ sì ni ní ibi ìtọ́jú ìjọba. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lé e kúrò nítòsí ibi tó ti ń gba oògùn, tó sì já a sílẹ̀ láàárín, àìsàn náà lè padà lọ́nà tí oògùn àkọ́kọ́ kò ní ká a mọ́.

Àwọn tó bá a mí afẹ́fẹ́ kan náà ní gbogbo ìgbà tó ń wúkọ́ tí kò tíì mọ ohun tó ń ṣe é ni kí ọkàn yín lọ sọ́dọ̀ wọn, ẹ̀yin náà sì wà lára wọn. Ẹ jọ lọ ṣe àyẹ̀wò, kí ẹ sì kó àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 dání, nítorí oògùn wà tí wọ́n ń fún irú wọn kí àìsàn náà má baà mú wọn.

Ní ti àgádágodo, òfin ilé gbígbé ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, ka fífi ipá lé ayálégbé jáde sí ọ̀ràn tó lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n. Ẹ bá a jókòó, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí yóò ṣe máa san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀ tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ gba yàrá yín, nótíìsì oṣù mẹ́fà ni ti ẹni tó ń san owó ọdún, àyàfi bí àdéhùn yín bá sọ òmíràn. Kí lọ́yà kọ ọ́, kí ó má sì dárúkọ àìsàn rẹ̀ rárá.

Ohun kan dùn mí nínú lẹ́tà yín: ẹ ní ẹ fi káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀ han àwọn yòókù. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni, tirẹ̀ ló sì yẹ kó jẹ́. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Kí ẹ sì sọ fún àwọn mẹ́ta náà pé òṣìṣẹ́ ìlera lè wá bá gbogbo ilé sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè bi í ní ohun tó ń já wọn láyà.

Ẹ tún mẹ́nu ba pákó tí ẹ kàn mọ́ fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè. Ẹ pe káfíńtà kó yọ gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì fi irin tí atẹ́gùn lè gbà kọjá rọ́pò rẹ̀.