Kí ni wọ́n ń pè ní sáńpílà?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo rí àwòrán aṣọ kan láti Amẹ́ríkà ayé àtijọ́. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án ló fi òwú kọ A títí dé Z sí i, ṣùgbọ́n kò sí J, kò sí U. Kí ni wọ́n ń fi aṣọ náà ṣe? Àbí ọmọ náà kò mọ̀wé ni?

Ìdáhùn: Ó mọ̀wé. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ka I àti J sí lẹ́tà kan náà, U àti V bákan náà, ni wọ́n ṣe ń fo ọ̀kan.

Sáńpílà lorúkọ aṣọ náà. Láti inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, "àpẹẹrẹ" ló sì túmọ̀ sí. Ẹ má jẹ́ kí òdòdó àti ẹyẹ ara rẹ̀ tàn yín o, iṣẹ́ ilé ló bí i. Aṣọ ọ̀gbọ̀ wọ́n nígbà náà. Aṣọ ìbùsùn, aṣọ ìnura, aṣọ orí tábìlì, gbogbo rẹ̀ ni ìyàwó ilé ń fi òwú kọ lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà sí ní igun, kó lè mọ iye tó kó fọ̀ àti iye tó padà wọlé. Ẹni tó bá ti di ẹrù ọmọ lọ sí bọ́dìńgì rí yóò mọ ohun tí mò ń wí. Orí sáńpílà ni ọmọbìnrin ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ọmọ á máa ka fọ́nrán aṣọ kó tó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, òwú á sì dábùú ara wọn bí àgbélébùú. Bó bá ṣi fọ́nrán kan kà, lẹ́tà á wọ́, á sì tú u.

Èyí tó pẹ́ jù lára àwọn tí a mọ̀ pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é ni ti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Loara Standish, ní nǹkan bí 1653. Ó wà ní Pilgrim Hall, ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ pamọ́ sí ní ìlú Plymouth, ní Amẹ́ríkà. Ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀já, àdúrà sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé kí Olúwa tọ́ ọkàn òun.

Nígbà tó yá, ó di ohun àfihàn. Wọ́n ń fi òwú ya ilé àti igi sí i, wọ́n á fi férémù gbé e kọ́ sí pálọ̀, kí ẹni tó wá wo ìyàwó lè rí i. Ní Baltimore, ìlú kan ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú náà ṣe tiwọn nílé-ìwé àwọn sístà Kátólíìkì aláwọ̀ dúdú tí ẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1829, nígbà tí ẹrú níní ṣì bófin mu níbẹ̀.

Orúkọ, ọjọ́ orí àti ọdún ni wọ́n sábà fi ń parí rẹ̀. Ìyẹn wá dá wàhálà sílẹ̀: nígbà tí àwọn kan dàgbà, wọ́n tú òwú ọdún náà kúrò kí àlejò má baà ṣírò ọjọ́ orí wọn. Bí ẹ bá rí sáńpílà tí nọ́ńbà ọdún rẹ̀ ti pòórá, ẹ má tètè sọ pé kòkòrò ló jẹ ẹ́.